Lẹ́yìn Háàtì Àtáàkì: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àyà Tó Ń Já

Ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé lẹ́yìn tí ọkọ mi ní háàtì àtáàkì, mo rò pé wàhálà ti parí. Àpò oògùn kan, káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí, àti ìkìlọ̀ pé kí n dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀: ohun tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Òru ọjọ́ yẹn, Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, kọ̀ jálẹ̀, wọn ò dùbúlẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga ní pálọ̀, wọ́n fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ òsì, wọ́n ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Mo jí láago méjì, wọ́n ń kà á. Wọ́n pe ìrun àsùbáà, wọ́n ṣì ń kà á. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sùn. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, bí mo bá sùn, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹ̀rù yìí wà lára àìsàn náà, pé ó ní ìtọ́jú tirẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ní tirẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo, ọkọ mi sì ń ṣe àdìrẹ àti bàtíìkì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún kẹta rèé. Ohun tí mo kọ síbí, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù, mo ka òmíràn fúnra mi, ìyókù sì ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyàwó àti ọmọ tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kíníìkì. Bí ẹni yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn, ẹ máa tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó. Èyí tí kò bá kan ilé yín, ẹ fò ó.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ya ọ̀rọ̀ àyà sọ́tọ̀

Àyà ni Yorùbá fi ń sọ ẹ̀rù. Àyà já, àyà pá, àyà fò, àyà ò balẹ̀. Inú àyà kan náà ni ọkàn tó ṣàìsàn wà. Ọkàn fúnra rẹ̀, ẹran ara ni, ìrònú ni. Nítorí náà, tí Bàbá Ìbejì bá ti ní "àyà mi ò dáa", gbogbo ilé á dìde, ẹnì kan á máa wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ẹnì kan á ti máa sunkún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mejì la sáré dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tí wọ́n ní ẹ̀rù ni. Dókítà ò bá wa wí o. Ó ní ká wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lásán, ó sàn ju ká jókòó sílé lọ́jọ́ kan tó bá jẹ́ òótọ́.

Ohun tó gbà wá ni pé a fẹnu kò lórí gbólóhùn mẹ́ta, tọmọdé tàgbà ilé sì mọ̀ wọ́n:

"Àyà ń dùn mí": ìrora ni, tàbí kó máa fún èèyàn, kó máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gbé odó lé e láyà. Ó lè gba apá, èjìká, ẹ̀yìn tàbí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Òógùn tútù, èémí tí kò délẹ̀, èébì lè bá a rìn. Èyí kò ní ìjíròrò, ilé ìwòsàn ni. Bí dókítà bá ti fún aláìsàn ní oògùn abẹ́ ahọ́n, kó jókòó, kó lò ó bí wọ́n ṣe júwe. Bí ìṣẹ́jú 5 bá kọjá tí kò lọ, ẹ máa lọ. Lára obìnrin àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó lè máà dùn tó bẹ́ẹ̀: kó jẹ́ èémí tó ń já àti rírẹ̀ òjijì nìkan. Ẹ má dúró de ìrora.

"Àyà ń lù mí": ọkàn ń lù kì-kì-kì. Kó jókòó, ká wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí kò fẹ́ rọlẹ̀, ó ti di ti òkè yẹn.

"Àyà ń já mi": ẹ̀rù ni. Ohun tí gbólóhùn yìí ń bèèrè ni pé, ẹ wá jókòó tì mí.

Bí ẹni náà fúnra rẹ̀ ò bá mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kà á sí èkíní. Ó gba oṣù kan kí ó tó mọ́ wa lára. Láti ìgbà tó ti mọ́ wa lára, ariwo dín kù nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù pàápàá dín kù, nítorí ẹ̀rù ẹnì kan ló ń di ti gbogbo ilé, tí ti gbogbo ilé á tún padà sára aláìsàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí aláìsàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i

Àṣà wa ni pé, bí dókítà bá dé, wọ́n á pe àkọ́bí ọkùnrin jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ má jẹ́ kí bàbá gbọ́." Bàbá á máa wo ojú yín nígbà tí ẹ bá wọlé. Ohun tó máa rò á burú ju ohun tí dókítà sọ lọ. Ọkọ mi jẹ́wọ́ fún mi nígbà tó yá pé igbá tó ti là ni wọ́n fọkàn wọn wé, pé bí wọ́n bá húkọ́ líle, ó lè pín sí méjì. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń há ikọ́ mọ́lẹ̀.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló gbà wọ́n. Ó ya ọkàn sẹ́yìn bébà kan. Ó ní ẹran tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru ni ọkàn, ó sì ní àwọn iṣan tirẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọ. Ọ̀rá ti ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan kan láti ọdún pípẹ́, ọ̀rá náà là, ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, ọ̀nà dí, apá ibi tí iṣan yẹn ń bọ́ sì kú. Ibi tó kú á di àpá, bí ojú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ṣe ń di àpá, ó sì máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí àpá náà tó le dáadáa. Ìyókù ọkàn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ikọ́ ò lè là á, ẹ̀rín ò lè là á.

Wọ́n ní kí n tọ́jú bébà náà. Ó ṣì wà nínú Kùránì wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, tàbí ní ọjọ́ tí ẹ bá padà lọ, ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀, kí aláìsàn náà sì jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn. Apá wo ló kan? Báwo ni ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ tó báyìí? Oògùn wo ló wà fún kí ni? Ìgbà wo ni mo lè dá wẹ̀, gun àtẹ̀gùn, wakọ̀, padà síbi iṣẹ́, sún mọ́ aya mi? Ẹ bèèrè pàtó nípa oògùn tó ń dín lílù ọkàn kù, àwọn bí atenolol, metoprolol tàbí bisoprolol. Wọ́n lè mú kó rẹ èèyàn, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, kí àlá pọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọkàn òun ló ń kú lọ. Ẹ má sì dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì fúnra yín. Ìyẹn léwu púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹkún, àti àwọn àlejò

Ọkùnrin tí mo fẹ́ láti bí ọdún 30, n kò rí i kó sunkún rí, àfi ọjọ́ tí ìyá wọn kú. Lọ́sẹ̀ kejì tí a délé, wọ́n sunkún nítorí ìkéde òkú tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò, ti ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jágbe mọ́ ọmọ tó bu omi wá. Wọ́n ń gbàgbé orúkọ. Wọ́n ń lá àlá posí. Gbogbo èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn háàtì àtáàkì, kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ìwà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń kúrò láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ohun tí ẹ ó ṣe nígbà yìí kò pọ̀. Ẹ má ní kó dákẹ́. "Ọkùnrin kì í sunkún" yẹn, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan lójúmọ́, ní àkókò kan náà, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ fún àpẹẹrẹ: "Kí ló dẹ́rù bà yín jù lónìí?" Kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn náà láìfi "ẹ má ronú" dá a lóhùn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ló ti gbọ́ "má ronú" rí tí ìrònú rẹ̀ dúró? Ẹ pa ìkéde òkú lórí rédíò. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́, nítorí orí WhatsApp ni wọ́n ti ń fi fídíò ẹni tó ṣubú lulẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Àlejò wá ńkọ́? Ní Òṣogbo níbí, bí wọ́n bá gbọ́ pé o ṣàìsàn, àdúgbò á wá, ẹgbẹ́ á wá, àwọn oníbàárà á wá, àwọn ará ìlú ìyá rẹ á wọ mọ́tò wá. Ìfẹ́ ni, n kò sì ní bú ìfẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe jókòó síwájú ọkọ mi, tó ń jẹ ẹ̀pà wa, tó ní, "Bó ṣe ṣe àna mi gẹ́lẹ́ nìyí. Ọjọ́ kẹta tó délé ló kú." Ó ní òun kàn fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ra ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe olùṣọ́nà. Àlejò méjì lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 15, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á níwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn òkú, ẹ̀gbọ́n mi á ní "ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní kí wọ́n sinmi". Ẹ fi dókítà bojú, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹ yan ẹni tó lágbára ẹnu fún iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ìyàwó, nítorí wọ́n á ní ìyàwó ló fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ ẹbí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bébà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn

Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo èèyàn ti ń rí i. Apá òkè wà fún pàjáwìrì: nọ́ńbà ẹni méjì tó ní mọ́tò ládùúgbò, nọ́ńbà pàjáwìrì 112, orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀, ibi tí káàdì ilé ìwòsàn wà, àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà. Ẹ ti rin ọ̀nà náà wò ṣáájú. Ẹ mọ ìgbà tí oríta Ọláìyá máa ń dí, kí ẹ ní ọ̀nà kejì. Lóṣù Ògúst, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí èrò kún ìlú, ẹ tún un rò lákọ̀tun. Ọkọ mi ka bébà yìí ní àkàtúnkà, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sùn tó wákàtí mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn mọ̀ báyìí pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, a ò ní máa sá kiri bí adìyẹ.

Apá ìsàlẹ̀ wà fún "àyà ń já mi". Tiwa lọ báyìí: Jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Fa atẹ́gùn símú, ka 4. Tú u jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ka 6. Ṣe é fún ìṣẹ́jú 5. Dárúkọ ohun 5 tí o ń wò. Pe ẹnì kan. Mímí síta tó gùn ju mímí sínú lọ ló ń mú kí ara rọlẹ̀, kì í ṣe idán. Ó ń bá iṣan tó ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́ ọ nígbà tí ara bá dá. Ẹni tó bá ń rì lọ́wọ́ kọ́ ni à ń kọ́ ní ìwẹ̀.

Ní ti kíka ìlù ọkàn, a kò ní kí wọ́n jáwọ́ pátápátá. A dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ká kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Bí ọwọ́ bá tún ń lọ síbẹ̀, tẹ̀sùbáà ló ń gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi lé ẹ̀rù lọ

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tí ẹ̀rù ń fẹ́ ni kí èèyàn jókòó. Bó bá sì ti jókòó, ara á le, èémí á kúrú, bó bá dìde kékeré àyà á lù, á ní "ẹ ò rí i?" Ẹ̀rù á tún lágbára sí i. Rírìn ló ń já okùn yìí, nítorí ojoojúmọ́ ni ara ń jẹ́rìí fún un pé ọkàn lè lù kíkan kí ó sì tún rọlẹ̀.

Ẹ gba àṣẹ dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 sí 10, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́; kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un títí yóò fi tó 30. Kó jẹ́ àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe nínú oòrùn, kì í ṣe lẹ́yìn àmàlà. Ìwọ̀n rẹ̀ ni pé kó lè máa bá yín sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, ẹ rọra. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ dúró. A kọ́kọ́ ń rìn dé ọ̀dọ̀ alákàrà, ká jókòó, ká padà. Nígbà tó ṣe, a ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ògo-Olúwa, níbi tí títì ti fẹ̀, láti lọ rìn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣe àkàbà ẹ̀rù. Ẹ jọ kọ gbogbo ohun tó ti ń sá fún sílẹ̀, kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10 bó ṣe dẹ́rù bà á tó. Ti ọkọ mi: dídá wẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, 4. Kí n lọ sí ọjà kí wọ́n dá wà nílé, 6. Sísùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, 9. Lílọ sí Ìbàdàn nínú bọ́ọ̀sì, 10. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe ọ̀kan léraléra títí máàkì rẹ̀ yóò fi já sí 2, kí ẹ tó gun èyí tó kàn. Bẹ́ẹ̀dì yẹn, a gbé e kúrò lójú ibi tó wà, a yí orí rẹ̀ padà sí fèrèsé. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wo ni ìyẹn wà, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un

Ẹ̀bi mi ni èyí. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo gba ATM, mo gba ike omi lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá dìde, mo ti ní "ẹ jókòó". Bí àwọn oníbàárà bá wá bèèrè wọn, mo ní wọn ò sí. Mo rò pé ìtọ́jú ni. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé o mọ̀ pé n kò tíì kú?" Wọn ò pariwo, ohùn wọn lọlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí ju ariwo lọ.

Ẹni tí ẹ bá ń ṣe gbogbo nǹkan fún, ohun tó máa gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yín ni pé ẹ̀yin náà gbà pé kò lè gbé e mọ́. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ohun tí kò bá sí nínú ìyẹn, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Iṣẹ́ bàtíìkì ní apá tó wúwo: gbígbé aṣọ tó ti mu aró, dídúró ti iná tí ìda ń yọ́ lórí rẹ̀, èéfín. Àwọn ọmọṣẹ́ gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n fífi búrọ́ọ̀ṣì ya ìda sára aṣọ, ìjókòó la fi ń ṣe é. Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo tẹ́ ọ̀pá aṣọ méjì síwájú wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀. Wákàtí kan ni wọ́n ṣe. Ní alẹ́ yẹn wọ́n bá mi jà nítorí owó tí mo ta aṣọ kan, inú mi sì dùn.

Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sí Abẹ́rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì ọjọ́. Bó bá jẹ́ oníṣòwò, kó kọ́kọ́ máa ka owó, kó má gbé ẹrù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ìbànújẹ́ bá kọ̀ tí kò lọ

Nínú ẹni 5 tó bá la háàtì àtáàkì já, bí ẹnì 1 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gidi ń mú, kì í ṣe ẹkún tó ń fúyẹ́ fúnra rẹ̀ tí mo sọ lókè. Ní 2014, American Heart Association, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àìsàn ọkàn ní Amẹ́ríkà, kéde pé ó yẹ ká ka ìrẹ̀wẹ̀sì mọ́ àwọn ohun tó ń mú kí nǹkan burú fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Èyí kò ṣòro láti rí: ẹni tí ayé ti sú kì í lo oògùn déédéé, kì í rìn, kì í jẹun, á sì tún padà sí sìgá.

Ìbéèrè méjì ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́, tàbí kó dà bíi pé kò sí ìrètí? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀kan nínú méjèèjì, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ sọ fún dókítà. Yorùbá kì í sábà sọ pé "inú mi bàjẹ́". Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni "orí mi gbóná", "ara mi ń wúwo", "nǹkan ń rìn mí lára", "oúnjẹ ò lọ". Ẹ fetí sí ìyẹn náà. Ẹ kíyè sí ẹni tí ìran ọjọ́ náà ń padà wá bá lójú oorun tàbí tó ń yí ọ̀nà padà kó má baà kọjá ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Bí ẹnì 1 nínú 8 ni irú ìpayà yẹn máa ń bá kiri.

Bó bá ní "ó sàn kí n máa lọ", "ẹ̀yin á sinmi bí n kò bá sí mọ́", ẹ má fi àdúrà nìkan pa á mọ́lẹ̀. Ẹ bi í ní ṣókí: "Ṣé ẹ ń ronú láti pa ara yín ni?" Bíbèèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò àti àpò oògùn kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Níbo ni a ń lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ọkàn rẹ̀, ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí dókítà ọpọlọ. Mo mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe ń rí lẹ́nu. Ẹbí ọkọ mi ní, "Ṣé wèrè ni wọ́n ya ni?" Bí èèyàn bá dárúkọ Àró l'Ábẹ́òkúta, aṣọ yíya ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n ní Àró yẹn, láti 1954, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti gbà kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ará ilé wọn máa bá wọn gbé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Gbogbo ayé wá kọ́ ọ lára rẹ̀. Ohun tí ọmọ Yorùbá fi han ayé nìyẹn, àwa ni ojú rẹ̀ wá ń tì.

Ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà méjì, wọ́n sì lè lọ pọ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ sísọ tó ní ètò, tó ń kọ́ èèyàn láti yẹ èrò rẹ̀ wò. Wọ́n gbé ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 lórí irú èyí: ó dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù, ṣùgbọ́n kò dín ikú kù. Àwọn kan rò pé ìyẹn ò tó. Lójú tèmi tí mo ń bá a gbélé, kí ọkùnrin rẹ́rìn-ín tó nǹkan. Èkejì ni oògùn. Wọ́n ti yẹ sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan, wò lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní háàtì àtáàkì, wọ́n sì rí i pé kò pa ọkàn lára. Dókítà ni yóò pinnu. Ẹ má lọ ra amitriptyline ní kẹ́míìsì nítorí oorun: ó lè da ìlù ọkàn rú. Valium tí wọ́n ń kà lé ọwọ́ bíi súìtì náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbàgbé páragà.

Ìgbésẹ̀ keje: "ta ló ṣe é?"

Ìbéèrè yìí á dé, bí kò dé láti ọ̀dọ̀ aláìsàn, á dé láti ọ̀dọ̀ ẹbí. Ayé ló ta wọ́n lọ́fà, wọ́n ní. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn wo ohun tí ìdáhùn náà ń ṣe fún aláìsàn: bó bá ń fura sí gbogbo èèyàn, tí kò jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò lo oògùn nítorí "kì í ṣe àìsàn òyìnbó", ìdáhùn náà ń pa á. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo lọ bá álífà wọn ní ìdákọ́ńkọ́, mo ní kó bá mi fi oògùn kún wáàsí. Ó jókòó tì wọ́n, ó ní ẹni tó dá àìsàn ló dá ìwòsàn, kí wọ́n lo èyí tó wà lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣe ohun tí ẹnu mi ò lè ṣe. Ẹ lo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ti ààwẹ̀, ẹ bi dókítà ṣáájú Ramadan. A kò gbọdọ̀ fi ara wa yí àkókò oògùn padà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọ̀rọ̀ iyàrá

Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè, gbogbo èèyàn ló ń rò ó. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà máa ń lò ni pé, bó bá lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì láìsí ìrora àyà tàbí èémí jíjá, ó ṣeé ṣe. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́kàn lásán, láìsí ìdánwò kankan. Ara lè má dáhùn nítorí oògùn tàbí nítorí ẹ̀rù. Dókítà ni kí ẹ sọ ọ́ fún, kì í ṣe alágbo. Ẹni tó ń lo oògùn abẹ́ ahọ́n, bó bá fi oògùn agbára ọkùnrin mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ débi ikú. Àgbo tí ẹ ò mọ ohun tí wọ́n pò sí i kò yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ńkọ́?

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi etí sílẹ̀ lóru, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹ̀yìn ìdì aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń sunkún. Owó àjọ mi lọ sórí oògùn, mo sì ń díbọ́n fún wọn pé ọjà ń tà. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ pín òru pẹ̀lú ọmọ tàbí àbúrò, kí ẹ sùn ní òru méjì ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ ó máa sọ òótọ́ fún, tí kì í ṣe aláìsàn náà. Ẹ sọ ti owó jáde fún gbogbo ọmọ lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú iye oògùn oṣù kan lórí bébà, nítorí ẹ̀rù owó ń wọ ara aláìsàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò sọ ọ́. Ẹ bèèrè ohun tí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè gbà lára rẹ̀, kí ẹ sì rí àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò. Nọ́ọ̀sì kan ló rí ojú mi lọ́jọ́ kan tó ní kí n na apá. Ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 170 lórí 100. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún èmi àti ọkọ mi láti máa padà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Ìbejì ló ń jí mi, tí wọ́n á ti bu omi kalẹ̀, tí wọ́n á ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé o ti lo oògùn rẹ?"